Ilé-Ẹ̀kọ́ Kì Í Ṣe Gáréèjì O!

Ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí nílé-ìwé gíga ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má pè é lọ́rọ̀ kékeré.

Lọ́dún 2022 ni wọ́n ṣòfin tó sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà n'Iléṣà di yunifásítì. UNIOSUN, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, náà ní ọgbà l'Óṣogbo àti ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Bí ilé tuntun bá sì ti ń yọ, ohun táwọn ọ̀gá máa ń bèèrè ni pé, ibo la máa gbé mọ́tò sí? Ni wọ́n á bá gé igi, wọ́n á da kọnkéré.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí Òṣómàáló ṣe ń ṣírò gbèsè. Mọ́tò kan, pẹ̀lú ọ̀nà tó máa gbà wọlé jáde, ń gbà tó mítà márùn-ún lóròó, márùn-ún níbùú. Àádọ́ta mọ́tò ti gbé plọ́ọ̀tì méjì ààbọ̀ mì nìyẹn! Òjò tó bá rọ̀ sórí kọnkéré ò ríbi wọlẹ̀, ojúlé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbà lọ. Ẹni tó bá rántí omíyalé Ògùnpa n'Ìbàdàn lọ́dún 1980 ò ní fi omi ṣàwàdà.

L'Ámẹ́ríkà, ìwé ẹ̀rí kan wà tí wọ́n ń fún ilé tí kì í ba àyíká jẹ́, LEED lorúkọ ẹ̀. Heritage Place n'Íkòyí ti gbà á. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013, ẹni tó bá fẹ́ gba máàkì lórí ìgbọ́kọ̀sí gbọ́dọ̀ dín in kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì di 40 níbi tí bọ́ọ̀sì bá pọ̀ sí. Ó tún gbọ́dọ̀ ya ìdá 5 sọ́tọ̀ fáwọn tó jọ wọ mọ́tò kan náà wá. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tí mọ́tò ò wọ́n lọ́dọ̀ wọn ló ń dín páàkì kù, àwa tọ́mọ wa ń wọ ọ̀kadà àti kọ̀rọ́pẹ́ la fẹ́ máa fẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ kọ́kọ́ ka iye mọ́tò tó ń wọlé lójúmọ́. Ẹ ra bọ́ọ̀sì, ẹ kọ́ ibùdó tó lórùlé fáwọn ọmọ tó ń dúró nínú òjò. Ẹ gbọ́kọ̀ sábẹ́ igi, ẹ má gé igi nítorí ọkọ̀. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, ká ní wọ́n ti gé e fi ṣe páàkì, ta ni ì bá yà síbẹ̀?

Ó dọwọ́ yín o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.