Ojúṣe Ẹni tí ó Gba Ológbò Aláìsàn Sílé

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ iṣẹ́ tí ẹranko kékeré yìí ń ṣe fún ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ara ológbò kò bá le mọ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣe ipin, tí ẹnu rẹ̀ kún fún egbò, tí kò sì lè lé eku mọ́. Bí ẹnì kan bá gba irú ológbò bẹ́ẹ̀ sílé ní Ìkẹjà tàbí ní Agége lónìí, àwọn aládùúgbò a máa wò ó bí ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Bí ó bá gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a ní nǹkan kan ń ṣe é. Ó tọ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tinú tòde, kí a lè mọ̀ bí ó bá jẹ́ àánú tàbí ìwà òmùgọ̀.

Kì í ṣe òní ni ológbò ti wà ní agbègbè yìí. Ní ọdún 1901 ni ojú irin tí ó ti Èkó wá gba Agége kọjá dé Ìbàdàn. Ní ọdún 1907, àwọn olóko Agége dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, J. K. Coker sì ni aṣáájú wọn. Kòkó àti obì ni wọ́n ń gbìn. Àwọn Hausa oníṣòwò obì tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n sì ń kó obì lọ sí Òkè Ọya. Ibi tí oúnjẹ bá pọ̀ sí ni eku ń pọ̀ sí, ibi tí eku bá sì pọ̀ sí ni ológbò ń rìn sí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ Èkó ní ọdún 1924, tí kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọdún 1931, ó hàn sí gbogbo ènìyàn pé eku kì í ṣe ẹran àmúṣeré, nítorí àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń fa ẹ̀jẹ̀ eku ni ó ń gbé àrùn náà wọ ara ènìyàn.

Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ, Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé iṣẹ́. Ní ọdún 1962 ni Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀, àwọn tí ń ṣe táyà, aṣọ, oògùn àti ìpápánu náà sì wà níbẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí pọ̀, eku pọ̀, a sì fi ológbò ṣọ́ àpò àti páálí. Ní Oko-Ọba, lọ́dọ̀ àwọn alápatà, ológbò ń rí èérún ẹran jẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ gbogbo kò rí bákan náà. Ilé iṣẹ́ Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ní agbègbè náà sì ti ti ilẹ̀kùn wọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ṣí lọ, ọ̀gá a kó ẹ̀rọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ a kó ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ka ológbò mọ́ ẹrù. Ẹran tí ó ti ṣọ́ àpò fún ọdún púpọ̀ a di ẹran ìgboro. Ọkọ̀ a gbá òmíràn, òmíràn a jẹ eku tí ó ti jẹ májèlé, àwọn yòókù a sì máa bá ara wọn jà nítorí egungun kan.

Ibẹ̀ ni àìsàn bárakú ti ń wọlé. Ní ọdún 1964, ọ̀jọ̀gbọ́n William Jarrett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, rí kòkòrò àrùn kan tí ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Itọ́ ni ó ń gbé e láti ara ológbò kan dé ara èkejì, bí wọ́n bá ń lá ara wọn tàbí bí wọ́n bá ń jẹun pọ̀. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tún rí òmíràn tí wọ́n pè ní FIV. Èyí ń jẹ agbára tí ara fi ń bá àrùn jà, ojú ọgbẹ́ tí ológbò fi eyín dá sí ara ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń gbà wọlé. FIV kì í ran ènìyàn, ológbò tí ó sì ní in lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé bí a bá tọ́jú rẹ̀. Òmíràn tún wà tí ń mú ológbò sín, tí ń mú ojú rẹ̀ ṣe ipin: bí ó bá wọ ara, ó lè má jáde mọ́ títí ọjọ́ ikú, nígbà tí ìdààmú bá sì bá ẹran náà ni àìsàn náà ń tún yọjú. Ní ti ológbò àgbà, kíndìnrín ni ó sábà máa ń dá a lóró. A mu omi púpọ̀, a tọ̀ púpọ̀, a sì máa rù. Kíndìnrín tí ó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í padà sí bí ó ti wà, ṣùgbọ́n omi tí ó tó, oúnjẹ tí ó rọ̀, àti ìmọ̀ràn dókítà ẹranko lè jẹ́ kí ayé rẹ̀ gùn sí i, kí ara sì tù ú.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní irú ológbò mẹ́rin nínú ilé kò ní iṣẹ́ kékeré. Ká ní ìyá aránṣọ kan wà ní Ọ̀gbà, tí ó gba mẹ́rin sílé lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan tí a ti tì pa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, yóò ti fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú ọ̀kan. Yóò bu oúnjẹ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára sọ́tọ̀, kí àwọn yòókù má bàa jẹ ẹ́. Yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí àrùn rẹ̀ lè ràn, yóò sì fọ àwo rẹ̀ lọ́tọ̀. Yóò kó ìgbẹ́ wọn dànù lójoojúmọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bí dókítà bá ní kí a lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọjọ́ ìsinmi kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ọdún kò sí. Àìsàn bárakú kò dà bí ibà tí ń wá tí ń lọ. Ìfaradà ọjọ́ gbogbo ni ó ń béèrè, kì í ṣe ìgbóná ọkàn ọjọ́ kan.

Àwọn kan yóò béèrè pé, nígbà tí ọmọ ènìyàn ń wá oúnjẹ kiri Agége, èwo ni ti ológbò? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òpònú, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó bá fi ebi pa ọmọ rẹ̀ nítorí ológbò ti ṣìnà. Kò sí ẹni tí yóò gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ṣọ̀wọ́n ni ọwọ́ tí ń fún ológbò ní ẹja máa ń jẹ́ ọwọ́ tí ń ti ọmọ aláìní dànù. Ọmọ tí ó bá rí i tí ìyá rẹ̀ ń fi sùúrù nu ojú ẹran tí kò lè dúpẹ́ ti rí ẹ̀kọ́ kan tí a kì í fi ẹnu kọ́ni. Ọmọ tí ó bá sì rí i tí a ju ẹran tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ilé sí orí ààtàn ní ọjọ́ tí kò lágbára mọ́, òun pẹ̀lú ti kọ́ ẹ̀kọ́. Kí àwọn òbí rántí pé ọjọ́ ogbó ń bọ̀ wá bá àwọn náà.

Àwọn mìíràn ní àjẹ́ ni ológbò, pàápàá èyí tí ó dúdú, wọn a sì sọ òkò lù ú títí yóò fi kú. Ojú ológbò a máa tàn lálẹ́ nítorí pé ohun kan wà lẹ́yìn ẹyin ojú rẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ojú ewúrẹ́ àti ti màlúù ń tàn, kò sì sí ẹni tí ń pe màlúù ní àjẹ́. Igbe tí ológbò ń ké lóru bí ọmọ ọwọ́, akọ àti abo tí ń wá ara wọn ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń bẹ̀rù àrùn ni ó nípọn jù. Àrùn dìgbòlugi wà lóòótọ́. Ajá ni ó ń kó o ràn ènìyàn jù lọ, ṣùgbọ́n ológbò pẹ̀lú lè ní in. Láti ìgbà tí Louis Pasteur ti fi abẹ́rẹ́ gba ọmọdékùnrin kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1885 ni a ti mọ ọ̀nà tí a fi ń dènà rẹ̀. Gbogbo ológbò inú ilé ni ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ẹran kan bá sì bu ènìyàn jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbẹ́ ológbò, nítorí kòkòrò kan tí ó lè wà nínú rẹ̀ lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Kí ẹlòmíràn máa kó o dànù lójoojúmọ́, nítorí kòkòrò náà kì í lè ran ènìyàn títí ó kéré tán ọjọ́ kan yóò fi kọjá. Ìmọ́tótó ni ó ń borí ewu wọ̀nyí.

Síbẹ̀, àánú tí kò ní ìwọ̀n a máa di ìkà. Ẹni tí agbára rẹ̀ tó ológbò méjì, tí ó wá kó mẹ́wàá jọ sínú yàrá kan, kò gba ọ̀kan là nínú wọn. Àrùn ẹnì kan yóò di ti gbogbo wọn, òórùn yóò lé àwọn ará ilé jáde, owó oògùn yóò sì tán kí oṣù tó dé ìdajì. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe rere kọ́kọ́ ka owó ọwọ́ rẹ̀ àti wákàtí ọjọ́ rẹ̀. Kí ó mú ológbò titun lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí ó tó dà á pọ̀ mọ́ àwọn ti ilé. Kí ó jẹ́ kí a tẹ akọ lọ́dàá, kí a sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kí wọ́n má bàa máa bí sí i, nítorí ẹni tí ń tọ́jú mẹ́rin tí wọ́n sì ń bímọ, ọ̀dẹ́ ni ó ń gbá omi nínú agbádá tí ó jò. Kí ó má ṣe fún wọn ní oògùn ènìyàn: parasẹtamọ́ọ̀lù tí ń wo ẹ̀fọ́rí wa lè pa ológbò, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Kí ó má sì rò pé búrẹ́dì Agége àti ẹ̀bà tó ológbò í jẹ. Ní ọdún 1987 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé èròjà kan wà nínú ẹran àti ẹja, tí à ń pè ní taurine, tí ọkàn ológbò kò lè ṣe aláìní. Ẹni tí kò bá rí i jẹ, ọkàn rẹ̀ a di aláìlágbára. Nígbà tí ìrora bá sì kọjá ìtọ́jú, tí dókítà sì sọ pé ọ̀nà kò sí mọ́, kí olówó ẹran gbà kí a fi abẹ́rẹ́ mú un sùn ní ìrọ̀rùn. Ìyẹn náà jẹ́ àánú.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Abala 495 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹni tí ó bá fìyà jẹ ẹranko lè ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó san 50 náírà. Owó náà kò lè ra ìṣù búrẹ́dì kan mọ́ ní Agége. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin tún un ṣe, nítorí ìtanràn tí kò dun ẹnikẹ́ni kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Ó sì yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń lo ológbò máa ka ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ ìnáwó wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka epo ẹ̀rọ. Àwọn Mùsùlùmí Agége kò ṣàìmọ ìtàn obìnrin tí Ànábì sọ pé ó jìyà nítorí pé ó so ológbò mọ́lẹ̀, tí kò fún un ní oúnjẹ, tí kò sì tú u sílẹ̀ kí ó wá oúnjẹ fún ara rẹ̀. Yorùbá pẹ̀lú ní bí ó ti ń dun ọmọ ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dun ọmọ ènìyàn.

Èyí tí ó kù ni pé kí a má ṣe fi ẹni tí ó ń tọ́jú ológbò aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́, kí òun náà má sì ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Ológbò tí ó ti lé eku kúrò nínú oúnjẹ ènìyàn ti san owó rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó bá fún un ní igun kan, omi tútù àti oògùn ní ọjọ́ àìlera kò ṣe é lóore kan tí ó pọ̀ lápọ̀jù. Gbèsè ni ó ń san.