Ẹ Sọ Àlejò Di Ará Ilé

Ọdún 1987 ni ìjọba Nàìjíríà dá Technical Aid Corps sílẹ̀, láti máa rán dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ lọ sìn lókè òkun fún ọdún méjì. Jàmáíkà wà lára ibi tí wọ́n ń lọ. Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀ níbẹ̀, wọ́n a rẹ ìṣápá pupa àti atalẹ̀ sínú omi gbígbóná, bíi sobo wa. Ọmọ Ìjù tí wọ́n bá ní kó bá wọn bó atalẹ̀ yóò gbàgbé pé òun jìnnà sílé.

Ẹ̀yin òbí, àgùnbánirọ̀ àdúgbò yín ńkọ́? Ẹ má dúró di ọjọ́ ọdún kí ẹ tó gbé ìrẹsì fún un ní pálọ̀. Ẹ pè é sí ìdí ààrò lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó bá yín ṣa ìrẹsì. Oúnjẹ ń yó àlejò. Iṣẹ́ àjọṣe ló ń sọ ọ́ di ọmọ. Ẹ ka Hébérù 13:2.