Wárápá lè lọ, ó sì lè padà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wárápá ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń gbọ́: "Ó ti lọ tẹ́lẹ̀, wọ́n tún rán an padà ni." Ọmọ ń lo oògùn, oṣù bíi mẹ́jọ kọjá tí kò ṣubú. Inú òbí dùn, wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì da ìyókù oògùn nù. Kò pẹ́ tó tún gbé e lójú ọjà, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo ìyá bàbá rẹ̀.

Ìyá yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Oògùn tí wọ́n gbà lẹ́nu ọmọ náà ló fà á. Oògùn wárápá kì í fa gbòǹgbò àrùn yìí tu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ọpọlọ dúró jẹ́ẹ́. Bí a bá dá a dúró lójijì, pàápàá phenobarbitone, wárápá lè máa gbé ènìyàn léraléra láìjẹ́ kó jí láàárín, èyí sì ń pani.

Ṣé wárápá máa ń lọ rárá? Ó máa ń lọ. Àwọn ọmọdé kan wà tó jẹ́ pé ojú oorun ló ti ń gbé wọn, tí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan á máa gbọ̀n. Kí wọ́n tó pé ọdún 16, ó ti fi ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sílẹ̀. Àwọn mìíràn, ìgbà tí wọ́n ń bàlágà ni apá wọn ń ṣàdédé fò láàárọ̀, tí ife ń jábọ́ lọ́wọ́ wọn. Tiwọn gbọ́ràn sí oògùn dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró, ó sábà máa ń padà. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ fi ọmọ aládùúgbò ṣe òṣùwọ̀n ọmọ tiyín.

Lọ́dún 1991, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ènìyàn 1,013 tí wárápá kò gbé fún ó kéré tán ọdún méjì. Wọ́n ní kí àwọn kan rọra dín oògùn kù títí yóò fi tán, kí àwọn yòókù máa lò ó lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, 59 nínú 100 àwọn tó fi oògùn sílẹ̀ ni kò tíì ṣubú. Nínú àwọn tó ń lò ó, 78 ni. Ìrètí wà níbẹ̀, ewu sì wà níbẹ̀. Àwọn ògbógi àgbáyé fẹnu kò lọ́dún 2014 pé ẹni tí kò gbé fún ọdún 10, tí kò sì lo oògùn fún 5 tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, ni a lè sọ pé tirẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kódà, wọn kò búra pé kò lè padà.

Ohun tó dùn mí jù ni ìṣọ́ òru. Àìsùn wà lára ohun tó ń jí wárápá dìde, bíi ti ọtí àti ibà. Síbẹ̀, ẹni tí a ń wá ìwòsàn fún gan-an la ń fi àìsùn ọjọ́ mẹ́ta àti ààwẹ̀ dá lóró; bó bá gbé e lórí ìkúnlẹ̀, a ó ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń jà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn rí i ní Igbó-Ọrà pé ènìyàn bíi márùn-ún nínú 1,000 ló ní àrùn yìí. Kò sí ìlú wa tí kò sí. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jẹ́ kí phenobarbitone wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Kì í ṣe oògùn olówó ńlá. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti àáfà, bí ẹnikẹ́ni bá wá jẹ́rìí pé wárápá ti lọ, ẹ bá a yọ̀, kí ẹ sì bi í bóyá ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀. Bó bá ní òun ti dá a dúró fúnra òun, ẹ ní kó padà sọ́dọ̀ dọ́kítà rẹ̀ lọ́la.