Iná Débẹ̀, Àmọ́ Ṣé Ó Tó? Ẹ Yé Fa "Dáyírẹ́ẹ̀tì" Sínú 504

Bí ẹ bá ti wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì 504 pickup àtijọ́ rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí wáyà kan tó lọ tààrà láti orí bátìrì dé ara kọ́ìlì. Àwọ̀ rẹ̀ ò bá tàwọn yòókù mu, sẹ́lótéèpù ló dì í mú. Dáyírẹ́ẹ̀tì làwọn ríwáyà ń pè é. Èrò tèmi ni pé wáyà yẹn kì í ṣe àtúnṣe. Ó ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni, ó sì lè jó ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń fi 504 pickup kó tòmátì àti ata láti agbègbè Ìkirè lọ sí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Láàárọ̀ kùtù, ọkọ̀ náà máa ń sitáàtì dáadáa. Tó bá ti gbóná tán, tí wọ́n sì tan iná iwájú, á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, á sì kú. Lọ́jọ́ kan, ó kú sí ìtòsí Aṣejírè nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá wọn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí oòrùn ọjọ́ kejì ń ṣe fún tòmátì tó ti pọ́n.

Ríwáyà tó wá wò ó fi tésítà rẹ̀, ìyẹn gílóòbù kékeré tí wọ́n so wáyà méjì mọ́, kan orí kọ́ìlì. Gílóòbù tàn yòò. "Iná wà," ló wí. Tí iná bá wà, a jẹ́ pé kọ́ìlì ló bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì, kò yanjú. Wọ́n pààrọ̀ kọ́ńtáàtì, wọ́n pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó yá, ó fà á ní dáyírẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ sì ń sáré bíi tuntun.

Mi ò fi ríwáyà náà ṣẹ̀sín o. Èmi tí mo ń ṣe másítà nínú físíìsì ti gbé mítà lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó fa wáyà yẹn. Mo yọ wáyà kúrò lára kọ́ìlì, mo fi mítà kàn án, ó kà 12.4 volt, iye kan náà tó wà lórí bátìrì. Mo ní wáyà ò ní nǹkan kan. Mo gbọ́n gan-an lọ́jọ́ náà.

Àṣìṣe kan náà lèmi àti ríwáyà ṣe. Ẹ ronú nípa afárá pákó tó ti jẹrà. Ọmọ kékeré sáré kọjá lórí rẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ṣé ẹ máa wá torí ìyẹn wa tírélà gùn ún? Gílóòbù tésítà, ọmọ kékeré ni. Mítà tiẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò tó nǹkan rárá. Kọ́ìlì ni tírélà.

Ẹ jẹ́ ká fi òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, gbé jáde lọ́dún 1827 ṣírò rẹ̀: ẹ pín volt pẹ̀lú ìdènà, ẹ ó rí iye iná tó ń ṣàn. Ká ní ìdènà kọ́ìlì jẹ́ 3 ohm, bó ṣe máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Tí wáyà bá dáa, 12.4 volt á ti bíi 4.1 ampere gba inú rẹ̀. Ká wá ní ojú ìsopọ̀ kan ti dípẹtà, tó sì fi 1 ohm péré kún un. 1 ohm ò jọ nǹkan kan, àbí? Iná á já sí 3.1 ampere, 9.3 volt ni kọ́ìlì á sì máa rí. Gílóòbù tésítà tó ń jẹ 3 watt ńkọ́? Ìdènà tiẹ̀ sún mọ́ 50 ohm, nítorí náà 1 ohm yẹn ò lè gbà ju bí ìdá mẹ́rin volt kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Á tàn yòò. Irọ́ kọ́ ló ń pa, ìbéèrè tí a bi í ni ò tọ́.

Tí kọ́ńtáàtì bá pa dé, kọ́ìlì á máa kó agbára jọ. Tí kọ́ńtáàtì bá ṣí, á tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló ń sọ 12 volt di ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń fò lójú pọ́lọ́ọ̀gì. Bí ampere bá dín sí ìlàjì, agbára yẹn á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, 3.1 dípò 4.1 túmọ̀ sí pé nǹkan bí 56 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Tí sítátà bá wá fa bátìrì wálẹ̀ sí 10 volt, ó di bíi 37. Kọ́ìlì tó gbóná tún burú sí i, torí ìdènà bàbà inú rẹ̀ ń lé sí i ni. Ẹ ti wá rí ìdí tó fi ń kú lẹ́yìn tó bá gbóná.

Dáyírẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ nítorí pé ó gba ẹ̀gbẹ́ afárá jíjẹrà náà kọjá ni. Àmọ́ kò gba ojú kọ́kọ́rọ́, kò sì ní fíúsì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ pa, ẹ́ńjìnnì ò ní kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní láti máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fa wáyà yọ. Tó bá gbàgbé, tí kọ́ńtáàtì sì wà ní pípadé, 4 ampere á máa se kọ́ìlì mọ́jú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, etí irin gé rọ́bà ara wáyà náà. Bátìrì ọkọ̀ lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ampere jáde tí wáyà bá kan ara irin báyẹn. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wáyà ti pọ́n, èéfín ti gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ tó ń bá a kẹ́rù, tó yára tú orí bátìrì.

Ohun tó yẹ ká ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ fi wáyà sílẹ̀ lórí kọ́ìlì, ẹ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí kọ́ńtáàtì á fi pa dé, kẹ́ ẹ wá ṣí kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí pósítíìfù bátìrì, ẹ fi ìkejì síbi tí iná ń gbà wọ kọ́ìlì. Iye tó dé kọ́ ni mítà ń kà báyìí, iye tó sọnù lọ́nà ni. Tó bá ju bí ìlàjì volt lọ, olè wà lọ́nà. Tiwa jẹ́ 3.1. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ bátìrì: níbi tí iná ti wọ ojú kọ́kọ́rọ́, 0.2, níbi tó ti jáde, 0.3, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti lọ́ wáyà méjì pọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, 3.1. Mo já sẹ́lótéèpù ibẹ̀. Bàbà ti di àwọ̀ ewé. A gé e dé ibi tó ti ń dán, a fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, a fi rọ́bà bò ó, ó di 0.4. (Ẹ wọn àárín ara ẹ́ńjìnnì àti nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì bákan náà, torí iná tó lọ gbọ́dọ̀ padà wálé. Ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà ńlá àárín kọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ o, ìyẹn kì í ṣe 12 volt mọ́.)

Tó bá jẹ́ pé òru ni, tẹ́ ẹ wà lójú títì márosẹ̀, ẹ fà á ní dáyírẹ́ẹ̀tì, ẹ fi fíúsì sí i, kẹ́ ẹ délé. Mi ò bá yín jà. Kí ilẹ̀ mọ́ kó ṣì wà níbẹ̀ ni mò ń bá jà. Ẹni tó bá sì ní mítà wọ́n, owó kọ́ìlì àti pọ́lọ́ọ̀gì tí a rà lásán ju owó mítà lọ. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé gbogbo wa la kọ́ òfin Ohm ní sẹ́kọ́ńdírì, ká lè yege WAEC. Kò sẹ́ni tó fi han ọmọ iṣẹ́ ríwáyà, kò sì sẹ́ni tó fi wáyà tó dípẹtà han èmi náà.

Nígbà tí mo fi han ríwáyà wa, ó wo mítà, ó wò mí. "Àbúrò, tún un ṣe kí n rí i." Mo tún un ṣe. Ó gbà á, ó ṣe é fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá ní kí n yá òun ní mítà náà di ọjọ́ Mọ́ńdè. Mọ́ńdè mẹ́ta ti kọjá báyìí, mi ò tíì rí i gbà.