Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó fún Ẹ̀rọ

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù nílẹ̀ wa, láti Èkó títí dé Òkìtìpupa tí Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù wà: pé AI ti gbọ́n kọjá ẹni tí à ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún. Wọ́n á forí ṣe, wọ́n á fọrùn ṣe lórí kóòdù irinṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí AI máa lò, wọ́n á wá kọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún àpèjúwe rẹ̀: “Ó ń gba owó.” Ó parí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè, èsì wọn kò ju pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n kò gbè wọ́n. Ẹni tí a jọ gbé ìlú, tó mọ ìṣe wa, tó sì mọ ohun tí a fi dákẹ́, ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ ń yé. Ohun tí a jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń sọ ọ́ di odindi, kì í ṣe ọgbọ́n nìkan. AI kò sì bá wa gbélé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí AI ń rí gan-an. Ní oṣù Okúdù ọdún 2023 ni OpenAI jẹ́ kí ẹ̀rọ tirẹ̀ lè máa pe irinṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn kọ. Nígbà tó di oṣù Bélú ọdún 2024, Anthropic, ilé-iṣẹ́ AI mìíràn, gbé ìlànà MCP jáde kí irinṣẹ́ kan náà lè bá onírúurú AI ṣiṣẹ́. Nínú méjèèjì, ohun tó ń dé iwájú AI ni orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe rẹ̀, àti àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Kóòdù tí ẹ fi òru kọ kò sí lára rẹ̀. Gbólóhùn tí ẹ kọ tìkanratìkanra yẹn ló fi ń mọ iṣẹ́ yín.

Ẹ wá fi owó dán an wò. Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, ń fẹ́ kí a fi kọ́bọ̀ kọ iye owó: náírà 50,000 yóò di 5,000,000. Flutterwave tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nínú API v3 rẹ̀, náírà ló ń gbà. Orúkọ kan náà, amount, ni àwọn méjèèjì fún àyè yìí. Ká ní oníṣòwò epo pupa kan ní Òkìtìpupa ní kí AI gba náírà 50,000 lọ́wọ́ oníbàárà òun. Bí àpèjúwe kò bá dárúkọ kọ́bọ̀, tí AI sì fi 50,000 ránṣẹ́ sí Paystack, náírà 500 ni yóò gbà. Bó bá gbé 5,000,000 lọ sí Flutterwave, náírà mílíọ̀nù márùn-ún ló bèèrè yẹn. Kò sí ohun kankan lára nọ́ńbà náà tó lè sọ bóyá kọ́bọ̀ ni tàbí náírà, nítorí náà ẹni tó gbọ́n jù láyé yóò kàn máa méfò ni.

Àwọn kan á ní AI ti ka ìwé ìlànà Paystack, ó ti mọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ irinṣẹ́ tí ẹ̀yin kọ, tí ẹ pè ní gba_owo, kò sí nínú ìwé kankan tó tíì kà. Bóyá kóòdù yín ń sọ náírà di kọ́bọ̀ kó tó dé Paystack tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Àwọn mìíràn á ní bí AI bá ṣì í, àṣìṣe yóò fojú hàn, yóò sì tún un ṣe. Èyí ló léwu jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì wa jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá, òdo ló sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí a bá ní kí AI kọ ọ́ bí iye tí à ń ṣírò, òdo iwájú á pòórá, mẹ́sàn-án á kù, báńkì á sì kọ̀ ọ́. Irú àṣìṣe yẹn ń hàn. Náírà 500 ní tirẹ̀ yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, “ó ti yọrí” sì ni èsì tí AI yóò rí gbà. Bákan náà ni tí ẹnì kan nílẹ̀ Ìkálẹ̀ bá ní kí wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì epo lọ sí “Irele”: Ode-Irele ló ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n Irele mìíràn wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ọkọ̀ á sì débẹ̀ láìsí pé ẹ̀rọ kankan ké gbàjarè.

Wọ́n tún ń sọ pé ká ní sùúrù, pé ẹ̀rọ ń gbọ́n sí i lọ́dọọdún. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà kò dúró de ọgbọ́n yẹn. Ní ọdún 2025, Anthropic kọ ọ́ síta pé nígbà tí irinṣẹ́ ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Claude, AI tirẹ̀, jáde, ńṣe ni ẹ̀rọ náà ń fi “2025” kún ọ̀rọ̀ ìwádìí láìnídìí, tí èsì rẹ̀ kò fi dára tó. Àpèjúwe irinṣẹ́ ni wọ́n tún kọ láti fi tọ́ ọ sọ́nà.

Àtakò kan ṣoṣo ló ní láárí lójú mi: pé àpèjúwe gígùn ń náni lówó, torí ó ń bá gbogbo ìbéèrè lọ sọ́dọ̀ AI, a sì ń sanwó lórí rẹ̀. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ gé ìyìn àti àsọdùn kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ohun tí AI kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ “Ó ń gba owó”: “Fi irinṣẹ́ yìí gba owó lọ́wọ́ oníbàárà lẹ́yìn tó bá ti gbà láti san. Kọ́bọ̀ ni kí o fi kọ iye owó: náírà 50,000 jẹ́ 5,000,000. Má ṣe lò ó láti dá owó padà. Ka iye náà fún oníṣòwò ní náírà, kí ó fọwọ́ sí i, kí o tó ránṣẹ́.” Gbólóhùn mẹ́rin péré ni, owó tó ń ná wa kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ náírà 49,500 tí oníṣòwò epo kò ní rí gbà.