Ẹ Bèèrè Owó Àtúnṣe Kí Ẹ Tó Pàtẹ́wọ́ fún Bọ́họ́ọ̀lù Tuntun

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin wa ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó, Bẹyẹrunká àti gbogbo inú Ìbàdàn àtijọ́, ọ̀rọ̀ omi mímu ni mo gbé wá lónìí. Ó gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ bá a kà á sókè.

Nínú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn Bẹẹrẹ, àárín agbo ilé ni kànga wà, ṣáláńgá sì wà lẹ́yìn yàrá ìyá wa àgbà. Nígbà tí mo dàgbà tí mo kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tán, mo fi ẹsẹ̀ wọn àárín àwọn méjèèjì. Ìṣísẹ̀ 14 péré ni, kò sì tó mítà 11. Ohun tí wọ́n sì kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ni pé ó kéré tán, ó yẹ kí ṣáláńgá fi mítà 30 jìnnà sí kànga.

Ọmọ méje ni ìyá mi bí. Àwa mẹ́rin la kù. Nínú àwọn mẹ́ta tó lọ, méjì kò tíì mọ ìrìn rìn. Ìgbà òjò ni àwọn méjèèjì kú, ìgbẹ́ gbuuru ló sì mú wọn. Wọ́n ní àbíkú ni. Nígbà tí wọ́n bí èyí tó tẹ̀ lé wọn, Kòkúmọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Mi ò wá fi àṣà wa ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí ìyá tó sin ọmọ méjì gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan dì mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá mọ bí omi òjò ṣe ń gbé ìdọ̀tí ṣáláńgá gba inú ilẹ̀ wọ kànga, mo bi ara mi pé: ṣé àbíkú ni àbí omi? Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi rò ó wò: kí a tó sọ ọmọ kan ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé, kí ló kọ́kọ́ ṣe àwọn tó ṣíwájú rẹ̀?

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan máa sọ pé, "Kànga yìí ni bàbá wa mu, kò pa wọ́n." Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá wa. Ẹni tí kò kú ló ń sọ bẹ́ẹ̀; àwọn tó kú kò sí níbí láti bá wa fèsì. Agbo ilé tí ìdílé mẹ́ta ń gbé láyé ìgbà náà, ẹ ka iye ìdílé tó wà níbẹ̀ báyìí. Igbó ẹ̀yìnkùlé tí à ń lọ nígbà yẹn ti di ilé, ṣáláńgá àti kòtò ìdọ̀tí ti yí kànga ká. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ omi kànga wò ní àwọn àdúgbò àtijọ́ nílùú wa, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n sì ń bá kòkòrò inú ìgbẹ́ nínú rẹ̀. Omi náà lè mọ́ gaara lójú, kó sì tutù lọ́nà ọ̀fun. Kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kì í ṣe ohun tí ojú lásán ń rí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ìjọba. Irọ́ ni pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan rí. Ní 1942, wọ́n dí odò Ọ̀nà ní Eléyẹlé, kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Nígbà tí ìlú fẹ̀ sí i, wọ́n kọ́ ti Aṣéjìre sórí odò Ọ̀ṣun, ìyẹn parí ní 1972. Ẹ̀yin àgbà rántí ìgbà tí a máa ń to korobá sí ẹnu ẹ̀rọ láàárọ̀, tí omi ń dà ṣọ̀ọ̀. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ ẹnu ẹ̀rọ inú ìlú fi gbẹ, tí àwọn ọmọ wa ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń lò ó fún mọ́? Odò kò gbẹ. Páìpù ló gbó, owó àtúnṣe ni kò tó. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: páìpù tí omi kì í sàn nínú rẹ̀ nígbà gbogbo léwu. Bí omi bá ti lọ, inú páìpù á ṣófo, ibi tó ti lu á máa fa omi gọ́tà sínú. Lọ́jọ́ tí omi bá tún dé, gọ́tà yẹn náà á bá a dé inú korobá wa.

Dípò kí owó lọ síbẹ̀, kí là ń rí? Bọ́họ́ọ̀lù. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á gbé táńkì sókè, wọ́n á kọ orúkọ olóṣèlú sára rẹ̀. Àwa obìnrin á da aṣọ ẹgbẹ́ bolẹ̀, a ó jó, wọ́n á ya fọ́tò. Kò ní pẹ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi á jóná, tàbí kí iná má wá, kí owó epo jẹnẹrétọ̀ sì má sí. Ta ló ni kọ́kọ́rọ́? Ta ló ń ṣe àtúnṣe? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọdún ìbò tí ń bọ̀, wọ́n á tún gbẹ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ pé bọ́họ́ọ̀lù kò dára. Mo ń sọ pé èyí tí kò lówó àtúnṣe, ọjọ́ ayẹyẹ rẹ̀ ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí wọ́n bá sì gbẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá láìyẹ omi rẹ̀ wò, ìdọ̀tí lè wọ òun náà.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Kánádà, ilẹ̀ olówó, àwọn onílẹ̀ gan-an, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ni kò rí omi tó dára mu. Ní oṣù kọkànlá 2015, ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ 105 ló wà ní àwọn abúlé wọn pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ sè é. Ìjọba ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ á parí ní oṣù kẹta 2021. Wọ́n ná owó rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ sì kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlérí yẹn kò ṣẹ lásìkò. Nígbà tí olùṣírò owó àgbà wọn yẹ̀ ẹ́ wò ní 2021, ọ̀kan nínú ohun tó rí ni pé ìlànà tí wọ́n fi ń pín owó ìtọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún láìyí padà. Wọ́n ń kọ́ tuntun, wọn ò pèsè tó fún ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Àbí ẹ ò rí i pé àìsàn wa kan náà ni?

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ̀rètí nù. Ẹ̀yin àgbà mọ sòbìà. A tiẹ̀ ń pa á lówe pé bí sòbìà yóò bá degbò, Olúgánńbe là á ké sí. Inú omi mímu ni sòbìà ti ń wá. Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà ní nǹkan bí 1988, àwọn tó ní in lé ní 650,000. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì ní oògùn tó ń wò ó. Aṣọ asẹ́ ni, omi tó mọ́ ni, àti àwọn ará abúlé tí ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí ń kà, tí ń kọ sílẹ̀. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tó ní in. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ìjọba yìí náà ni, àwa ènìyàn yìí náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ń bójú tó iṣẹ́ náà lọ́dọọdún, wọn kò pa á tì lẹ́yìn fọ́tò.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé. Kí ẹgbẹ́ wa má pàtẹ́wọ́ fún bọ́họ́ọ̀lù kankan mọ́, àfi tí ẹni tó gbé e wá bá dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: Èló ni? Èló la yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àtúnṣe? Ta ló yẹ omi rẹ̀ wò, kí ló sì rí? Obìnrin mélòó ló wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú?

Lẹ́yìn ìyẹn, kí a béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó tún páìpù inú ìlú àtijọ́ ṣe, kí ẹnu ẹ̀rọ gbogbogbò tún ṣiṣẹ́ ní Ọjà'ba, Mápó àti Bẹẹrẹ, níbi tí èrò pọ̀ sí jù. Kí a wo ìwé ètò ìṣúná, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ nìkan, bí kò ṣe iye tí wọ́n san síta ní tòótọ́. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀, òfin 1999 kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ wọn ni ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbò àti kíkó ìdọ̀tí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dájọ́ ní 11 oṣù keje 2024 pé kí owó wọn máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, kí wọ́n má sọ fún wa mọ́ pé ẹlòmíràn ló di owó mú.

Ẹnì kan á ní, "Ìjọba kò lówó." Mo gbọ́. Àwa náà kì í sì í fẹ́ san owó omi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye tí ilé yín ń ná sórí píọ̀ wọ́tà àti mẹ́rúwà lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ fi 52 lọ́nà rẹ̀, kí ẹ sì fi owó táífọ́ọ̀dù kún un. A ti ń sanwó tẹ́lẹ̀. Owó tó pọ̀ la sì ń san fún omi tí kò dá wa lójú. Ẹnu ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, tí a ń san owó kékeré níbẹ̀, yóò rọ̀ wá lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2021 nìkan, onígbáméjì pa ènìyàn tó lé ní 3,600 ní Nàìjíríà. Ìṣòro omi àti ìmọ́tótó ni, owó tí a kò ná síbẹ̀ ni a wá fi sin òkú.

Kí ìjọba tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Ẹ se omi kànga kó hó yaya kí ẹ tó mu ún, pàápàá fún ọmọdé. Ẹ bo kànga, kí korobá kan ṣoṣo máa wọ inú rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un ní ORS. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí ìmutí ṣúgà mẹ́fà tó dọ́gba lẹ́nu àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ sínú lítà omi kan tó mọ́, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kó sì máa mu ọmú lọ. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, tí kò tọ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí omi ìrẹsì, ẹ má dúró gba àdúrà nílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, ẹ máa gbàdúrà lójú ọ̀nà.

Ìyá mi ti lọ, kò mọ ìdáhùn ìbéèrè mi. Mo fẹ́ kí ọmọ tí wọ́n máa bí ní Bẹẹrẹ lọ́dún yìí má nílò orúkọ tí ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn, kí ẹ sì mú ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn lọ sí ìpàdé yín tó ń bọ̀. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa o. Àmín.