Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Mọ́lẹ̀ Wo Abẹ́ Mọ́tò Kí Ẹ Tó Sanwó



Mo fẹ́ bá àwọn ènìyàn wa sọ̀rọ̀ nípa ìpẹtà tó ń jẹ abẹ́ mọ́tò. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ṣe ní Dọ̀pẹ̀mú títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, tí mo sì fa ṣọ́ọ̀bù lé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, aládùúgbò wa kan fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra tòkunbọ̀ kan pé kí òun máa fi ṣe kábúkábú. Ara mọ́tò náà ń dán bíi dígí. Gbogbo wa bá a yọ̀. Kò pé oṣù méjì tí táyà jò, ni bàbá bá gbé jáàkì sábẹ́ mọ́tò. Dípò kí mọ́tò gbéra nílẹ̀, jáàkì ló wọ inú irin lọ bí ẹni fi ìka gún ẹ̀kọ tútù. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù, a fi irin ha ọ̀dà dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Háà! Ìpẹtà ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹni tó tà á ti fi ọ̀dà bo egbò mọ́lẹ̀. Páìpù búréèkì pàápàá ti jẹ kù tín-ín-rín. Ká ní ó bẹ́ lọ́jọ́ tí bàbá kó èrò sọ̀kalẹ̀ lórí bíríjì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ òkú là bá máa sọ.

Báwo la ṣe dé ibi tí a dé yìí? Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Ọ̀jọ́, Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ tó bá rí owó yá lè ra mọ́tò tuntun. Ṣùgbọ́n láti ìgbà SAP ní 1986 tí náírà ti já wálẹ̀, tòkunbọ̀ ló di mọ́tò tuntun fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Púpọ̀ nínú wọn ló ti rìn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí á há sí kọ́lọ́fín abẹ́ mọ́tò. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ló ń bí ìpáàrà. Iyọ̀ ló ń mú un yára. Tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá wá bá ọ̀rinrin Èkó pàdé, tó tún ń wọ́ inú àgbàrá, jíjẹ náà kò ní dáwọ́ dúró. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Ẹ má sì rò pé mọ́tò jákujàku nìkan ló ń ṣe. Ní 2016, Toyota gbà láti ná tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là lórí ẹjọ́ tí àwọn onímọ́tò pè ní Amẹ́ríkà, torí pé ṣásì Tacoma, Tundra àti Sequoia kan ń dípẹtà. Mọ́tò tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó mílíọ̀nù 1.5. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ni wọ́n ṣe àdéhùn náà fún. Ìwọ tó ra irú rẹ̀ ní Bẹ́rígà, ta lo fẹ́ pè lẹ́jọ́?

Àwọn kan á ní mọ́tò tuntun gidi kò nílò ìtọ́jú abẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lóde òní, wọ́n ń fi síńkì bo irin, wọ́n sì ń ri odindi ara mọ́tò bọ inú ọ̀dà. Ṣùgbọ́n òkúta ojú ọ̀nà wa ń bó ọ̀dà yẹn díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí irin ṣì mọ́ ló yẹ ká dáàbò bò ó.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ fọ abẹ́ mọ́tò dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ha ìpẹtà tó bá wà títí irin funfun á fi yọjú, kí ẹ kun ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà, lẹ́yìn náà ni ọ̀dà dúdú á tó kàn. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé ìpẹtà lórí, ó há omi mọ́ inú ni, á sì máa jẹ lábẹ́lẹ̀. Ẹ má dí àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ má fi kan búréèkì tàbí sàlẹ́ńsà. Ọ́ìlì àlòkù tí àwọn kan ń fi pa á kò dára, ó ń ba rọ́bà jẹ́. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Mo bẹ ìjọba, kí àyẹ̀wò mọ́tò má mọ sí iná àti ìwé. Ọjọ́ orí mọ́tò nìkan kò tó: èyí tó lo ọdún mẹ́jọ nínú iyọ̀ lè ti jẹ ju èyí tó lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbi gbígbẹ. Kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n fi irin kàn án wò. Ẹ̀yin olùrà náà, ẹ mú mẹkáníìkì tàbí wẹ́dà dání. Ẹ ń bá oníṣòwò jà lórí ojú họ́họ́ kékeré lára ilẹ̀kùn, ẹ ò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Aládùúgbò wa ti padà sídìí ẹsẹ̀ rínrìn. Mọ́tò rẹ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Wẹ́dà,
Dọ̀pẹ̀mú, Agége.